Ẹ́ńjìnnì Tó Mọ Ìgbà Tí Yóò Mí

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa Píjó,
Tákíè sí Akẹ̀sán, Akẹ̀sán sí Tákíè,
ọwọ́ mi lórí jíà, etí mi nínú ẹ́ńjìnnì.
Táímì kan ṣoṣo ni Píjó mọ̀:
bó ṣe ń mí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sábó
náà ló ṣe ń mí nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo.

Oyèbísí ọmọ mi wá ra Kòrólà tòkúnbọ̀ fún mi.
Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Píjó sinmi."

Ọjọ́ kìíní tí mo gbé e bọ́ sí márosẹ̀,
a kọjá Arówómọlé, a dà gẹ̀rẹ̀ síhà odò Ọbà,
abẹ́rẹ́ ń wo ọgọ́rùn-ún, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́,
ni ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà.
Kò wúkọ́. Kò jánà.
Ó kàn rọlẹ̀ bí ẹni tó tú ìgbànú lẹ́yìn oúnjẹ.
Mo tẹ̀ ẹ́, ó bú. Mo dẹsẹ̀, ó tún dákẹ́.
Ẹ̀rù bà mí. Mo páàkì sẹ́bàá igbó, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
tírélà màálù ń kọjá, atẹ́gùn wọn ń gbo fìlà mi.
N ò rí nǹkan kan.

Mo gbé e tọ Moríyíkẹ́ lọ,
ọmọ Oyèéníran tó ń tún Píjó mi ṣe kó tó dolóògbé.
"Kí ló ń ṣe é, Bàbá?"
"Ó ti dákẹ́ jù."
Ó rẹ́rìn-ín títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fà mí lọ sídìí òkú ẹ́ńjìnnì kan lórí bẹ́ǹṣì.
"Ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rèé.
Èyí tí èéfín ń gbà jáde nìyí. Fáàfù ni wọ́n.
Kámúṣáfù ni aṣọ́lẹ̀kùn.
Ti Píjó yín, ṣéènì so ó mọ́ wákàtí kan.
Tèyí, ọ́ìlì ló ń yí i lọ́rùn,
díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn.

"Bẹ́ ẹ bá ń lọ geere tẹ́sẹ̀ yín ò wúwo,
ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnnì ò ní ṣí tán.
Tipátipá láá máa fa afẹ́fẹ́,
bí ọmọ tó ń fa ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti gbẹ,
tẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó wọnú.
Ìfà yẹn, owó epo ni.
Aṣọ́lẹ̀kùn tiyín á wá tètè ṣí ọ̀nà ìwọlé
kí ti èéfín tó tì tán.
Èéfín díẹ̀ á padà wọlé,
á jókòó bí àlejò tí kì í jẹun,
á ṣáà gba àyè. Ìfà á dínkù."

"Bí mo bá fẹ́ gba iwájú tírélà ńkọ́?"
"Á tún wákàtí dá kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.
Ẹ ṣáà máa pààrọ̀ ọ́ìlì.
Tó bá di ẹrẹ̀, aṣọ́lẹ̀kùn á sùn lọ."

Nílé, mo rò ó fún ìyá Oyèbísí.
Ẹ̀gúsí ló ń pa, kò gbójú sókè.
"Ṣé mọ́tò ló wá gbọ́n jù ọ́ lọ báyìí?
Ohùn tí o fi ń pe èrò ní gáréèjì
lo fi ń bi mí pé níbo ni iyọ̀ wà,
láti ogójì ọdún."
N ò fèsì.
Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó gbójú sókè.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a jọ lọ kí àbúrò rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́.
A kọjá afárá Ọbà, mo rọ ẹsẹ̀ mi,
mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀.
Ó ń mí, kò mì.
Mo fẹ́ sọ fún un pé, "Gbọ́, ó ti tún un ṣe,"
mo bojú wẹ̀yìn:
ó ti sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀,
obìnrin tí kò sùn rí nínú Píjó.
Mo dá ọ̀rọ̀ náà padà sínú,
mo rọra ń wà á lọ.